Erékùṣù Gispert

Ẹ ti ń fura sí i kí n tó la ẹnu: ìlara ló ń jẹ Ọ̀gá Gispert lọ́kàn. Berenguer ni Gispert ń ṣe ìlara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Berenguer ò sì ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ò ju pé ó mọṣẹ́.

Àwòrán ọ̀nà òkun ni àwọn méjèèjì ń yà sórí awọ àgùntàn ní Mallorca, fún àwọn tó ń tukọ̀. Gispert ló kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́. Òun ló kọ́ Berenguer bí wọ́n ṣe ń ti kálámù bọ tàdáwà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Berenguer ni àwọn ọ̀gákọ̀ ń rọ́ lọ báyìí. Èyí tó wá dun Gispert wọ eegun ni bí ọmọ náà ṣe ń kí i: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o." Ì bá sàn kó máa bú òun.

Ọba wá ránṣẹ́ pé òun fẹ́ àwòrán gbogbo ayé. Ẹnì kan péré ni yóò yà á. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọn yóò tẹ́ iṣẹ́ àwọn méjèèjì sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn àwọn oníṣòwò, kí àwọn ọ̀gákọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

"Tí ọmọ yẹn bá gba iṣẹ́ yìí mọ́ mi lọ́wọ́," Gispert wí fún Saurina, aya rẹ̀, "kí n kúkú lọ máa ya ẹja sára ìkòkò."

"Ẹ lọ máa yà á," ni Saurina wí, ó ń bó àlùbọ́sà. "Ẹja kì í sáà kí èèyàn ní ẹ̀gbọ́n."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ooru mú, Gispert yà sílé Berenguer.

"Mo gbọ́ pé ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu."

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi, ara mi le. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n bu ọ̀pọ̀tọ́ wá."

Bí Berenguer ṣe wọ yàrá, Gispert dìde. Ó ń fi ọwọ́ kan lé eṣinṣin, ó ń fi ọwọ́ kejì wọn awọ tó wà lórí tábìlì. Ibẹ̀ ló ti rí i: àmì bíńtín kan, dúdú rẹ́súrẹ́sú, láàárín agbami ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ya nǹkan kan sí rí. Kò sí orúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Erékùṣù ni! Ó sì fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, alárékérekè! Ìka mẹ́rin sí etíkun Áfíríkà. Gispert ò dúró jẹ ọ̀pọ̀tọ́.

Nílé, ó ya erékùṣù náà ní ìlọ́po mẹ́wàá, ó sì fi wúrà kùn ún. Erékùṣù Gispert ló pè é. Lọ́jọ́ kejì ó ya ìsun omi sí i. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọba kan ti jókòó lórí tìmùtìmù níbẹ̀.

Ọjọ́ pé. Baba Domènec, olórí àwọn oníṣòwò, fi ìka lé erékùṣù náà.

"Gispert, ta ló rí èyí?"

"Ọ̀gákọ̀ ará Jẹ́nóà kan ló sọ fún mi. Ó ti kú."

"Wọ́n máa ń kú," ọ̀gákọ̀ kan wí lẹ́yìn. Ẹ̀rín sọ.

Ojú Gispert pọ́n. "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ bi Berenguer! Ìwọ, fi Màríà Mímọ́ búra: ṣé kò sí nǹkan kan lórí awọ rẹ lóṣù tó kọjá, ní ìka mẹ́rin sí etíkun? Kí ló dé tí o fi pa á rẹ́?"

Berenguer wolẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nílé."

"Níbí yìí ni wàá ti sọ ọ́!"

"Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Eṣinṣin ló ṣu síbẹ̀. Ìyàwó mi ti fi búrẹ́dì nù ún kúrò."