Wákàtí Méjì Tó Lé

Ta ló ràn án níṣẹ́? Tàjúdéènì fúnra rẹ̀ ló pe àwọn olóko ẹ̀bá odò Ofiki jọ ní èṣín, nígbà tí ọ́fíìsì omi pín fọ́ọ̀mù ìwé àṣẹ fún gbogbo ẹni tó ń fi pọ́ǹpù fa omi odò. Ìbéèrè kan ló dẹ́rù bà wọ́n níbẹ̀: wákàtí mélòó lẹ máa fi fa omi lóòjọ́?

"Owó orí ni wọ́n fẹ́ dọ́gbọ́n gbà o!" Tàjúdéènì ló wí bẹ́ẹ̀. "Ẹ kọ wákàtí kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá tiwọn lọ."

Ta ló máa kọ̀? Òun ni alága wọn, òun náà ló mọ̀wé jù. Gbogbo wọn kọ wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ wákàtí mẹ́rin ni pọ́ǹpù wọn ń ké lójoojúmọ́. Wọ́n gba ìwé àṣẹ, wọ́n sì fi ọ́fíìsì ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Háà, yẹ̀yẹ́ dà? Lọ́dún yìí, ẹ̀ẹ̀rùn mú, odò fà títí àpáta inú rẹ̀ fi yọrí síta. Mọ́ládé, ọmọbìnrin tó ń ṣètò ìwé àṣẹ, wá sẹ́bàá odò, ó ní omi ò tó mọ́, ohun tí kálukú kọ ni kálukú máa fà. Oko ńlá tó wà lókè odò kọ mẹ́wàá, wọ́n ń fa mẹ́wàá wọn. Àwọn Tàjúdéènì kọ ọ̀kan.

Kó tó tó ọjọ́ mẹ́jọ, ewé tòmátì ti ń ká kò. Fàtímọ̀, opó tí oko rẹ̀ bá ti Tàjúdéènì pààlà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ́ẹ̀gì rumi láàárọ̀ kùtù. Kò bú Tàjúdéènì. Ó ń kí i dáadáa, ó tún ń béèrè ilé. Ìyẹn gan-an ló ń ká ọkùnrin náà lára. Ì bá kúkú bú u.

Ló bá múra, ó di ọ́fíìsì omi ní Ṣakí, ó lọ bá Mọ́ládé. "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un kọ."

"Ó ṣeé ṣe, Bàbá," Mọ́ládé dáhùn. "Ẹni tí wọ́n bá ṣì lọ́nà lè tún tiẹ̀ kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣì wọ́n lọ́nà, a máa gba ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Ta ni?"

Tàjúdéènì rántí ata rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so. Ẹ̀rù bà á, ká má parọ́. Ó tún rántí kẹ́ẹ̀gì lórí Fàtímọ̀.

"Èmi ni," ó wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n parọ́." Mọ́ládé kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, Mọ́ládé kó fọ́ọ̀mù tuntun wá, ó sì fi àgádágodo ti pọ́ǹpù Tàjúdéènì. Kò sẹ́ni tó lè wo ojú rẹ̀. Òun náà ló tún jókòó sábẹ́ igi ẹmì, tó ń bá wọn kọ fọ́ọ̀mù: mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin. Ó wá kan Fàtímọ̀.

"Ẹ kọ mẹ́fà," Fàtímọ̀ wí.

Tàjúdéènì ju báírò sílẹ̀. "Ìyá Motúnráyọ̀! Ṣé irọ́ yẹn náà la tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Mẹ́rin ló tó oko yín."

"Irọ́ kọ́, Bàbá Sódìq." Ó gba fọ́ọ̀mù, ó nà án sí Mọ́ládé. "Màdáàmù, wákàtí tí màá fi fa omi ni wọ́n bi mí. Mẹ́fà ni. Ṣé wọ́n bi mí pé oko ta ni màá bomi rin?"

Mọ́ládé kà á látòkè délẹ̀, ó tún yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

"Wọn ò bi yín, Mà."

Tàjúdéènì bẹ̀rẹ̀, ó mú báírò, ṣùgbọ́n omijé ò jẹ́ kó ríran. Mọ́ládé ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tó kọ mẹ́fà.