Ẹ Jẹ́ Kí Kọ̀ǹpútà Ráyè

Nọ́ọ̀sì ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi rí aṣọ lórí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ o. Aṣọ ìbora nípọnnípọn tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi ń bo ẹsẹ̀ nígbà òtútù ni wọ́n dà bò ó láti òkè dé ìdí, wọ́n sì ti etí aṣọ náà bọ abẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn.

Ó ṣí i kíá. Ooru kọ lù ú lójú. Ẹ̀rọ náà ti gbóná bí irin ìlọṣọ, ó sì ti pa ara rẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ta ló bo kọ̀ǹpútà yìí?"

"Èmi ni," ìyá ọkọ rẹ̀ dáhùn láti orí àga, kò gbé ojú kúrò lára bọ́tìnnì tó ń rán. "Láti àárọ̀ ló ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo ní bóyá òtútù ló ń mú un."

"Màmá, fáànù inú rẹ̀ ló ń dún bẹ́ẹ̀! Ooru ló ń lé jáde!"

"Ẹn-ẹ́n? Èmi ò kúkú mọ̀."

Nọ́ọ̀sì fìdí kalẹ̀ gbì. Ó tan ẹ̀rọ náà padà, ó dúró dè é, ohun tó sì ń bẹ̀rù gan-an ló bá níbẹ̀: ìpín iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ti kọjá ọjọ́. Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti fún ẹlòmíràn. Èyí kọ́ sì ni àkọ́kọ́.

Ohun tó ń fa wàhálà náà kò ju báyìí lọ. Àwọn onímọ̀ kan ń wá oògùn àrùn kan tó ń jẹ iṣan ara díẹ̀díẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n fẹ́ ṣe pọ̀ débi pé bí wọ́n bá gbé e fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ọmọ-ọmọ wọn ni yóò rí ìdáhùn. Wọ́n wá gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń pín in fún ẹnikẹ́ni tó bá lè yọ̀ǹda kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ ní àkókò tí kò bá fi í ṣe nǹkan kan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ìpín kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ padà. Bí ó bá pẹ́, iṣẹ́ òfo ni.

Àrùn yìí ló ń ṣe àbúrò Nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ táìsì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé ni àbúrò náà ń ṣe, ó sì ti tẹ́ ẹ sí ilé púpọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́. Nísinsìnyí, ife omi wúwo fún un. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kò rí nǹkan kan ṣe fún ọmọ ìyá rẹ̀, àfi èyí. Ó mọ̀ pé ìpín kan kò lè wo ẹnikẹ́ni sàn. Síbẹ̀, ó ń fẹ́ kí ẹyọ kan péré parí láti inú ilé òun.

Ilé náà ni kò gbà.

Lákọ̀ọ́kọ́, àyè kò sí. Onígbàjámọ̀ ni ọkọ rẹ̀, yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ibẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà wà. Gbogbo orí tó ti gé láti ọjọ́ tó ti dá dúró ló ya fọ́tò rẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀rọ: orí láti iwájú, orí láti ẹ̀yìn, orí láti ẹ̀gbẹ́. Orí kún ibẹ̀ bámúbámú, ètò ìṣirò kò ríbi fìdí lé.

"Ẹ yọ díẹ̀ kúrò," Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́.

"Orí ta ni kí n dànù?"

"Èyí ńkọ́? Ìpàkọ́ lásán nìyẹn."

"Ìpàkọ́ lásán! Ọ̀gá ilé ìwé nìyẹn!"

"Ojú rẹ̀ ò sì hàn!"

"Ẹni tó bá mọ orí ò wá ojú," ni ọkọ fi pa á lẹ́nu mọ́.

Nígbẹ̀yìn, Nọ́ọ̀sì kó gbogbo orí náà sórí fúláàṣì kan, ó so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ rẹ̀. Ọkọ fajú ro títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Àyè wá wà tán, ló bá tún ku ti ọwọ́. Kí ètò náà má baà dí ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló ṣètò rẹ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá ti fọwọ́ kan máòsì, kí ó dá iṣẹ́ dúró, kí ó yàgò fún onílé. Kò tètè mọ̀ pé ọkọ òun ń fi ẹ̀rọ náà yangàn. "Kọ̀ǹpútà mi tí ẹ rí yìí," á wí fún oníbàárà, "oògùn ló ń wá." Bí ojú ẹ̀rọ bá ṣókùnkùn, oníbàárà á ní ó ti sùn lọ, ọkọ á sì mi máòsì: "Dìde, iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀!" Nígbà tó yá, ó di àṣà ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá gé irun tán, kó tó jáde, á mi máòsì lẹ́ẹ̀kan. Ìrànlọ́wọ́ tirẹ̀ fún àwọn aláìsàn nìyẹn. Gbogbo àdúgbò ń jí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò sì rí iṣẹ́ ṣe.

Ibi tí Nọ́ọ̀sì ti ń ro èyí, tó ń fi aṣọ ìbora nu ojú, ni fóònù ti dún. Àbúrò rẹ̀ ni.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ ti wò mí sàn?"

"Má bá mi ṣeré. Ìyá ọkọ mi ti fi aṣọ bò ó pa."

Àbúrò rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ẹ bá mi kí wọn o. Àwọn nìkan ló mọ ìtọ́jú nínú gbogbo yín."

"N ò rírú ilé báyìí rí. Mo fẹ́ jáwọ́ ńbẹ̀."

"Ẹ má jáwọ́. Ṣé ẹ rántí ilé ìdáná tí mo ń tẹ́ táìsì sí nígbà tí ọwọ́ mi kọ̀? Ìdajì ni mo fi í sí. Gbogbo nǹkan mi ló rí bẹ́ẹ̀ báyìí. Bí ìpín kan bá parí, ẹ pè mí. Kò dìgbà tó bá wò mí sàn. Mo ṣáà fẹ́ gbọ́ pé nǹkan kan parí."

Nọ́ọ̀sì gbé fóònù sílẹ̀. Ó gba ìpín tuntun, ó gbé ẹ̀rọ náà síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ó sì pe ọkọ àti ìyá ọkọ jókòó.

"Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún èèyàn tán ní wọ́ọ̀dù wa," ó ní, "oorun ni oògùn rẹ̀. Àmọ́ ẹbí á dé. Ọ̀kan á ní òun fẹ́ kí i, á jí i. Òmíràn á ní òun fẹ́ gbàdúrà fún un, á jí i. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní jẹ́ kí aláìsàn sùn. Ohun tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà yìí ṣe nìyẹn. Ẹ má jí i, ẹ má bò ó, ẹ má kí i. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni ìpín yìí gbọ́dọ̀ padà."

"Ṣé èmi ni mo ń dá a dúró látọjọ́ yìí?" ọkọ béèrè.

"Ẹ̀yin àti gbogbo orí tí ẹ ń gé."

Màmá já òwú lẹ́nu abẹ́rẹ́. "Ìyàwó mi, kí ló dé tí o ò tètè sọ ọ́ báyìí? Ìṣirò, ìṣirò, lò ń wí. Ọ̀rọ̀ aláìsàn ló yé wa."

Ọ̀rọ̀ náà dun Nọ́ọ̀sì, torí pé òótọ́ ni.

Nígbà tí Sátidé pé, Màmá gbé àga síwájú kọ̀ǹpútà, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà àkọ́kọ́ gé irun tán, ó na ọwọ́.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá wọn jí i díẹ̀."

"Ọwọ́ yẹn tó bá kàn án, màá gbà á lọ́wọ́ rẹ, o ò ní rí èyí tí wàá fi jẹun lónìí."

Ẹ̀rín pa ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin náà fọwọ́ sápò, ó lọ.

Lọ́sàn-án, awakọ̀ kan wọlé. Irun tí wọ́n gé fún un nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣègbéyàwó ló fẹ́. "Ẹ ṣí fọ́tò rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà yín," ó ní.

Ọkọ wo fúláàṣì tó wà lára kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ. Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà wò ó.

"Mo rántí rẹ̀," ó ní.

"Nínú orí tó pọ̀ tó yìí?"

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n."

Ó gé irun náà bí ẹni tó ń rìn nínú òkùnkùn. Nígbà tó parí, awakọ̀ yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì níwájú dígí. "Kì í ṣe èyí," ó ní. Ó tún wò ó. "Àmọ́ ó dáa."

Ìgbà tí Nọ́ọ̀sì dé, oòrùn ti ń lọ. Kò bọ́ bàtà, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ló gbà lọ tààrà.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n wo ibi tó dé."

"Rárá."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré! Èmi ni mo ni í!"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹbí aláìsàn ṣe máa ń wí."

Nọ́ọ̀sì káwọ́ lérí. Bí kì í bá ṣe pé ìyá ọkọ ni, ẹnu rẹ̀ ì bá ti sọ nǹkan míì. Ó jókòó, ó ń jẹ èékánná. Ọkọ ń gbá irun nílẹ̀, ó ń fa ìgbálẹ̀ rọra bí ẹni pé ilẹ̀ gan-an ló ń sùn.

Lójijì, ariwo fáànù dáwọ́ dúró.

Gbogbo wọn wo ara wọn.

"Ó ti kú," ni ọkọ wí.

"Ẹnu rẹ!" Màmá kígbe mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ náà ti yí padà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹ̀rọ parí iṣẹ́ ni, àbí ooru ló tún pa á. Kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Màmá dìde, ó wọ́ àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìwọ ni nọ́ọ̀sì," ó ní. "Lọ wò ó."

Nọ́ọ̀sì mi máòsì. Ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Ó ka ohun tó wà níbẹ̀, ó tún un kà. Ó pe àbúrò rẹ̀.

"Ó parí," ó ní.

"Ẹ tún un sọ, Àǹtí mi."

"Ó parí. Àwọn onímọ̀ yẹn ti gbà á wọlé."

Ó gbọ́ bí àbúrò rẹ̀ ṣe mí kanlẹ̀. "Ẹ gbé fóònù fún Màmá," ni àbúrò wí, "kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Màmá gba fóònù, ó kígbe sínú rẹ̀ bíi pé òdìkejì odò lẹni náà wà: "Ọmọ mi! Ṣé o ti jẹun?"

Lójú ẹ̀rọ, ètò náà ń béèrè bóyá Nọ́ọ̀sì fẹ́ gba ìpín mìíràn. Nọ́ọ̀sì wo ọkọ rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń rá pálá lọ sórí máòsì. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń bi aláìsàn léèrè irú ọbẹ̀ tó jẹ. Ó pòṣé gígùn, ó gbá ọwọ́ ọkọ rẹ̀ kúrò, ó sì tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni."