Báàṣì Aláwọ̀ Ewé

Rogatien ọkọ mi gbin igba ọmọ ọ̀pẹ sínú ọ̀rá dúdú lẹ́yìnkùlé wa ní Massè. Kí wọ́n tó yọ ewé kẹta, àìsàn gbé e lọ. Mi ò sunkún. Àwọn ará ilé ń wo ojú mi, wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ń jẹun, mo ń gbálẹ̀.

Oòrùn ń jó àwọn ọmọ ọ̀pẹ yẹn. Imọ̀ ọ̀pẹ la fi í ṣe ìbòòji fún wọn, ṣùgbọ́n nílé ọkọ mi, opó kì í gé imọ̀ títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Mo bá lọ ra báàṣì, ọ̀rá fífẹ̀ tí wọ́n fi ń bo àgbàdo, lọ́jà Ikpinlè. Aláwọ̀ ewé ni mo mú. Mo ní ewé àti àwọ̀ ewé, ọmọ ìyá ni wọ́n, wọn ò ní bára wọn jà. Ọgbọ́n mi nìyẹn!

Kò pẹ́, ewé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, igi wọn gùn gbọọrọ, wọ́n ń dojú bolẹ̀. Mo rò pé òùngbẹ ni, mo ń bomi rin wọ́n ṣáá.

Lọ́jọ́ kejìlélọ́gbọ̀n ikú Rogatien, ọmọ mi Bernadette dé láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì Adja-Ouèrè. Ó gbé etí báàṣì sókè.

“Màmá, ta ló bò wọ́n báyìí?”

“Èmi ni.”

“Àwọ̀ pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Èyí tó pupa àti èyí tó dà bí aró ni ewé ń jẹ jù. Ti àwọ̀ ewé, ewé ń dá púpọ̀ rẹ̀ padà, òun lojú wa ń rí. Báàṣì yìí ń gba oúnjẹ wọn, èyí tí wọn ò fẹ́ ló ń jẹ́ kó kọjá.”

“Ṣé kí n ká a kúrò?”

“Oòrùn á pa wọ́n. Imọ̀ ni kí ẹ fi bò wọ́n.”

Mo mú àdá. Àlàgbé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, bá mi nídìí ọ̀pẹ kúkúrú kan.

“Ìyàwó, ogójì ò tíì pé.”

“Mo mọ̀.” Mo gé imọ̀ náà níṣojú rẹ̀.

Mo ṣí báàṣì, mo yọ àwọn tó ti kú. Mọ́kànlá péré ló kù. Mo fi imọ̀ bò wọ́n, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àìsàn ló pa Rogatien. Àwọn wọ̀nyí, èmi ni mo pa wọ́n. Ẹkún bá gbé mi, mo ké bí ọmọdé.

Bernadette fẹ́ dì mí mú.

“Fi í sílẹ̀,” Àlàgbé wí. “Ẹkún ọkọ rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sun.”

Mi ò lè sọ fún un pé ẹkún ọ̀pẹ ni.