Baba Bẹ́ẹ̀-ni

Ìlà kan ṣoṣo ló dúró lójú kọ̀ǹpútà náà, àmì kékeré kan ń ṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń retí èsì: Àkọsílẹ̀ wà nínú dísìkì yìí. Ṣé kí n pa á rẹ́?

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Ọdún kẹfà rèé tí iṣẹ́ yìí ti ń dá ara rẹ̀ ṣe. Láràárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kọ̀ǹpútà á tún dísìkì òfìfo kan ṣe, á sì kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn náà fún ọ̀sẹ̀ kan lọ sínú rẹ̀. Ìbéèrè méjì ló máa ń bèèrè, ọkùnrin náà sì ti kọ "bẹ́ẹ̀ ni" méjì sílẹ̀ dè é. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Baba Bẹ́ẹ̀-ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹta yìí, kò rí i rí.

"Baba Bẹ́ẹ̀-ni, ẹ kú ara fẹ́ra kù o," ọ̀gá rẹ̀ obìnrin kí i láti ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ọkùnrin náà lẹ́nu iṣẹ́ nìyí látìgbà tó ti sin ìyá rẹ̀. "Ẹ̀rọ yẹn ò tíì ṣe tán? Ẹ kọ bẹ́ẹ̀ ni ogún sínú ẹ̀, kó yé da gbogbo wa láàmú."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ohun tó ń bi mí, Ọ̀gá."

"Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé?" Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọkùnrin náà dìde, ó ṣí àpótí irin. Nígbà tí kò sí níbi iṣẹ́, wọ́n ti kó àwọn dísìkì jáde láti gbọn eruku wọn. Ẹni tó dá wọn padà fi èyí tó ti kún sí àyè òfìfo. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí, àwọn tó kú, ẹni tí ara rẹ̀ kò gba abẹ́rẹ́ kan: gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Ó tẹ "bẹ́ẹ̀ kọ́". Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ dísìkì mọ́.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀ ni Màámi pè é. Ọkùnrin náà ń tẹ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, fóònù há sáàárín etí àti èjìká rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bèèrè ohun kan tí kò fetí sí. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi." Ó tún bèèrè òmíràn. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Lẹ́bàá sàréè ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti wá sọ fún un pé ní Sátidé, arúgbó náà tètè wẹ̀, ó wọ aṣọ tó fi ń jáde, ó sì ní kí wọ́n gbé àga òun sí ẹnu ọ̀nà.

"Ọmọ mi ní òun ń bọ̀," ló ń wí fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ó jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ Ajé, ó kú.

Ìbéèrè méjì ni Màámi bi í. Ó ti wá mọ ọ̀kan. Èkejì, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún un mọ́.

Fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

"Àbúrò mi, ẹrù Màámi yìí ńkọ́? Ṣé wàá wá ní Sátidé ká jọ kó o?"

Èsì ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó yí àga rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí kọ̀ǹpútà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù náà mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un bi mí."