Ojú Orsola Lára Ògiri

Ọgbọ̀n ọdún ni Ercole fi ń ya àwòrán sára ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri àfonífojì náà, kò sì tíì ya ẹni mímọ́ kan tí kò jọ olówó kan. Pétérù Mímọ́ ti ìlú Vallerossa, ẹni tó ni ọlọ àlìkámà ni. Áńgẹ́lì ti ìlú Monteselva, lọ́yà ni, irùngbọ̀n nìkan ni wọ́n bá a fá. Wọ́n ní olówó ló layé. Níbí, òun náà ló lọ̀run.

Ohun kan ṣoṣo ni Ercole ń wá: kó fi ojú Orsola, ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, sára ògiri kan kí òun náà tó lọ. Orsola kò fi àwòrán kankan sílẹ̀. Inú orí ọkọ rẹ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ kù sí, orí náà sì ti ń gbàgbé nǹkan.

Iṣẹ́ ìkẹyìn rẹ̀ ni Màríà Wúndíá, nílùú tirẹ̀ gan-an. Màdáámù Leonilde ló sanwó, ojú rẹ̀ ni wọn yóò sì yà. Ogún ọdún ni Orsola fi fọ aṣọ obìnrin yìí. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló máa ń dúró sí títí Màdáámù yóò fi jí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ara ògiri kì í dúró de olówó. Ẹfun tí wọ́n bá fi rẹ́ ògiri láàárọ̀, kó tó gbẹ ni ọ̀dà gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Aago méje ni Màdáámù ṣàdéhùn pé òun yóò wá jókòó kí Ercole lè ya ojú òun. Màdáámù ń ṣe irun. Aago mẹ́wàá lù, irun ló ṣì ń ṣe. Nígbà tó di ọ̀sán, Ercole wo ògiri, ó wo ilẹ̀kùn, ó sì gbé búrọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí Màdáámù fi máa gbé irun rẹ̀ dé, ojú Orsola ti gbẹ sára ògiri.

“Afọṣọ mi rèé. Fàdá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.”

Fàdá Placido, tí kì í bá olówó jiyàn, gbójú sókè. “Ercole, ọjọ́ ogbó lo wá ń wá wàhálà? Lọ́la, wàá gbẹ́ ẹ kúrò.”

“Fàdá, ṣebí ẹ̀yin lẹ wàásù pé Màríà náà máa ń fọṣọ.”

“Mo wàásù ẹ̀. Mi ò ní kó o yà á.”

Òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí Ercole gbé òòlù dé láàárọ̀, àwọn ìyá arúgbó ti kún inú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́. Omi ń ṣàn lójú Orsola. Ògiri tuntun a máa làágùn bí ọ̀rinrin bá pọ̀, kò sí kọ́lékọ́lé tí kò mọ̀ ọ́n. Ercole mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó pa ẹnu mọ́.

“Ó ń sunkún,” ni Fàdá wí. Ó wo àwọn ìyá arúgbó, ó wo òòlù. “Ercole, gbé irin yẹn jáde nílé Ọlọ́run.”

Màdáámù ló dé kẹ́yìn gbogbo èèyàn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Àyè ti tán níwájú. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló kúnlẹ̀ sí, lórí òkúta tútù, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún.

“Ìyá mi, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ẹ bá mi wo orúnkún yìí sàn.”

Ercole gbọ́ ọ láti ìdí òpó tó dúró sí. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú òun náà. Orsola kò ní bínú. Ogún ọdún ló ti fi dúró de obìnrin yẹn, ó ti mọ́ ọn lára.