Iye Àlejò Inú Ìwé Ẹyẹ

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, obìnrin télọ̀ kan a ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, a fi àwọn oníbàárà sílẹ̀ kí wọ́n máa bú u, a sì wọ ọkọ̀ lọ bá bàbá rẹ̀ létí àbàtà. Kì í ṣe pé ìnáwó kan wà níbẹ̀ o. Ẹyẹ ni wọ́n fẹ́ kà. Tó bá sọ ọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ránṣọ, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń dá a lóhùn, wọ́n á ní ṣé ẹyẹ náà ló fẹ́ dá aṣọ ni. Kì í bá wọn jà. Ẹni tí kò bá mọ bàbá rẹ̀, kò lè mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni.

Ẹlẹ́yẹ ni gbogbo èèyàn ń pe bàbá náà. Òun ni olùtọ́jú àbàtà tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ẹyẹ, ó sì ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe é. Ọ̀nà méjì péré ló pín ẹyẹ sí. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, onílé nìyẹn. Àwọn tó ń sá fún òtútù ilẹ̀ wọn, tí wọ́n ń fò gba orí òkun kọjá kí wọ́n tó dé, àlejò nìyẹn. Àwọn àlejò yìí ló fẹ́ràn jù. Ó ní àlejò tí kì í béèrè ibi tí òun máa sùn, irú wọn ṣọ̀wọ́n.

Ti ọdún yìí wá yàtọ̀. Òun ni bàbá máa kà gbẹ̀yìn, torí ìfẹ̀yìntì ti dé. Ọ̀gá kan láti olú iléeṣẹ́ ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kíka láti wá gba ìwé ẹyẹ, ìwé tí wọ́n ń kọ iye ẹyẹ ọdọọdún sí. Bàbá ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ti dán bàtà. Ẹ ò rí i bó ṣe ń gbọn eruku ara ìwé náà, bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ. Kò kọ́lé, kò ra ọkọ̀. Ìwé yẹn nìkan ló ní láyé tó lè fi yangàn, ọmọ rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdájí ni wọ́n gbéra. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń gbà dé ahéré pákó tí wọ́n ti ń kà á, láàárín igi tó ṣókùnkùn biribiri. Ahéré náà dúró lórí òpó mẹ́rin, fèrèsé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Bàbá á gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú, á máa pè. Ọmọ á jókòó sórí àpótí, á máa kọ. Òfin kan wà níbẹ̀ tí bàbá kì í fi ṣeré rárá: ẹni tó ń kọ kò gbọdọ̀ gbójú sókè. Ó ní bí ojú méjì bá jọ wà níta, àríyànjiyàn ló kù, kí wọ́n sì tó yanjú ẹ̀, ẹyẹ á ti fò lọ. Bí wọ́n bá sì ti kà á tán, télọ̀ á sáré gba inú igi padà kí ọkọ̀ má baà fi í sílẹ̀. Ọdún kẹfà tó ń kọ ọ́ rèé, kò tíì fojú kan ẹyẹ kan ṣoṣo lọ́jọ́ kíka. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi wò ó. Àwọn olùwòran tí ì bá tiẹ̀ sọ nǹkan kò wá mọ́ láti ìgbà tí ọ̀nà ti bàjẹ́.

Ojúmọ́ mọ́, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í pè, mẹ́wàá mẹ́wàá. Mẹ́wàá, àlejò. Mẹ́wàá, àlejò. Ohùn rẹ̀ ń dùn bí ó ti ń pè é. Nígbà tí oòrùn fi yọ, àlejò ti di ogóje. Bàbá ní wọn ò já òun kulẹ̀ rí, wọn ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tí òun fẹ́ lọ.

Ibẹ̀ ni bírò ti gbẹ. Télọ̀ gbọ̀n ọ́n, ó fi fa àtẹ́lẹwọ́, kò yọ. Báàgì rẹ̀ wà lára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bó ṣe dìde láti mú bírò mìíràn níbẹ̀, ojú rẹ̀ bọ́ síta.

Àbàtà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ tó gbẹ tó sì ti là ló rí, pẹ̀lú omi kékeré kan láàárín. Lọ́hùn-ún, lára koríko gíga, nǹkan funfun pọ̀ lọ súà. Afẹ́fẹ́ fẹ́, gbogbo nǹkan funfun náà wú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì tún rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ ni obìnrin yìí fi ń jẹun. Ó mọ ohun tí afẹ́fẹ́ ń kó sínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó ní ẹran lára. Ọ̀rá ni. Ọ̀rá tí àwọn èèyàn fi di ọjà, tí wọ́n jù nù, tí afẹ́fẹ́ gbé wá, tó há sára koríko.

Bàbá sì ń pè é lọ, mẹ́wàá, àlejò.

Ó rò ó pé kí òun kúkú máa kọ ọ́. Ta ló máa kú? Ọ̀gá á dé, á bọ bàbá lọ́wọ́, bàbá á fi orí gíga lọ sinmi. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá ń wí lọ́dọọdún pé àlejò ń dé wọ̀ọ̀, ta ló máa wá wo ibi tí omi gbà lọ? Ọwọ́ òun náà ló sì fi kọ ọ́, ọdún mẹ́fà gbáko. Inú bí i sí bàbá, inú bí i sí ara rẹ̀, àánú bàbá tún ṣe é.

Bàbá kò gbọ́ ìró bírò mọ́. Ó béèrè bóyá ọmọ òun ti sùn lọ ni.

"Bàbá, ọ̀rá ni wọ́n," ló wí. "Kì í ṣe ẹyẹ."

Ẹ ò bá gbọ́ bí bàbá ṣe gbaná jẹ. Ó ní kí ni télọ̀ mọ̀ nípa ẹyẹ, òun ti mọ àwọn àlejò yìí kí wọ́n tó bí i. Ọmọ náà sọ̀kalẹ̀, ó rìn gba orí ilẹ̀ tó yẹ kí omi ti mu ún dé orókùn, bàtà rẹ̀ kò tutù. Ó já mẹ́wàá lára koríko. Kò sí èyí tó fò nínú wọn. Ó gùn padà sókè, ó kó wọn lé bàbá lọ́wọ́.

Bàbá rún wọn. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dún. Ó fọwọ́ wá àpótí, ó rọra jókòó, gbogbo ìbínú náà sì kúrò lára rẹ̀. Ó ní kí ọmọ òun gbé awò náà, kó ka èyí tó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Télọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀. Onílé mọ́kànlá, àlejò méjì. Bàbá tún iye náà pè lábẹ́ ahọ́n, ó ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó sì fa igi lé èyí tó ti kọ tẹ́lẹ̀.

Ó fà á. Ó fẹ́ pa ìwé dé, bàbá ní ó tì o, ó ku ti èṣí, ó ku ti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Télọ̀ ń ṣí i sẹ́yìn lójú ewé lójú ewé títí ó fi kan ọwọ́ ìkọ̀wé ẹlòmíràn. Ó sọ fún bàbá pé ọwọ́ màmá òun rèé, torí màmá ló ń kọ ọ́ kó tó kú. Bàbá ní kó má fọwọ́ kan ti màmá. Èyí tí ọmọ kọ ni kó fa igi lé, gbogbo rẹ̀ pátá.

Ọmọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní gbogbo ọdún mẹ́fà kọ́ ló lè jẹ́ irọ́, ó ṣeé ṣe kí ojú bàbá ṣì dára níbẹ̀rẹ̀. Kí ni ọ̀gá máa sọ?

Bàbá fọwọ́ wá èjìká rẹ̀ títí ó fi bà á.

"Ọjọ́ tí a sin màmá rẹ ni mo rí ojú rẹ gbẹ̀yìn," ló wí. "Ohùn rẹ ni mo fi ń mọ̀ ọ́ láti ìgbà náà, ohun funfun lásán ni mo sì ń rí nínú awò. Bí mi ò bá rí ọmọ mi tó jókòó tì mí, ẹyẹ wo ni mo wá rí lọ́hùn-ún?"

Télọ̀ mú rúlà, ó ń sunkún, ó fa igi lé ojú ewé márààrún tó kù. Bàbá fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tí ọmọ rẹ̀ bá gbé bírò náà lé fún un. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró ọkọ̀ ọ̀gá nísàlẹ̀, ó gba ìwé náà, ó há a mọ́ abíyá, ó sì na ọwọ́ kejì sí i pé kó mú òun sọ̀kalẹ̀.