Ìgbín Huo-Wang

Ọjọ́ kejì ọdún òrìṣà àdúgbò ni ìròyìn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ká ní ó ti dé lánàá ni, Huo-Wang tó ń ta ìgbín ì bá má dáná ìgbín fáwọn tó wá ṣọdún rárá.

Yu-Chin, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń fọ tàkúté lẹ́yìn ilé nígbà tí Dókítà Hsu, ọ̀gá rẹ̀, pè é lórí fóònù.

"Yu-Chin, àwọn eku tí o mú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá ẹ, aràn wà nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn."

"Èyí tó ń gba ara ìgbín dé orí èèyàn?"

"Òun gan-an."

Eku ni Yu-Chin ń mú fún àwọn elétò ìlera ní ìlú Kaohsiung. Àwọn ará àdúgbò a máa pè é ní ìyàwó eku, òun náà a sì fèsì pé eku tó bá ti gbọ́ orúkọ òun, kó yáa di ẹrù rẹ̀. Iṣẹ́ náà wù ú ju aṣọ tuntun lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá ń to tàkúté sí ẹ̀bá gọ́tà, a máa rò ó pé ìlú ńlá yìí ń sùn lé òun lọ́wọ́ bí ọmọ ìkókó.

Ó ti fóònù bọ àpò, ó wo ẹ̀yìnkùlé. Apẹ̀rẹ̀ ìgbín bàbá rẹ̀ rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ibẹ̀ ni àwọn ìgbín ti ń jẹ ewé kábéèjì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó dé orí iná, ibẹ̀ náà sì ni eku ń yàgbẹ́ sí.

Orí iná ọ̀hún kì í sì í pẹ́. Òróró gbígbóná, aáyù, ata, ẹfinrin. Huo-Wang á jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹta nínú agbada, ó ti parí. "Ìgbín tó bá pẹ́ lórí iná, bàtà ni," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Bó ṣe ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu ló ń mú àwọn èèyàn wá láti ìlú mìíràn.

Yu-Chin bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń ha agbada.

"Bàbá, ẹ má fọwọ́ kan àwọn apẹ̀rẹ̀ yẹn mọ́."

"Kí ló dé? Àwọn eku, àna mi, ti wọnú ẹ̀ ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Ẹ̀rín kú lójú Huo-Wang.

"Eku àdúgbò yìí! Àwọn àti bàbá mi ni wọ́n jọ gbé. Ta ni wọ́n ti pa?"

"Aràn náà kì í tètè fara hàn, Bàbá. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí orí tó máa fọ́ni, kí ọrùn tó gan. Ẹni tó bá ti mọ̀, tó tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà, ìyẹn sàn."

"Ọ̀gá ẹ ńkọ́? Ṣé ó máa dárúkọ mi?"

"Rárá o. Wọ́n á kàn lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ẹnu ọjà, pé kí wọ́n máa se ìgbín jinná."

"Ó tán nìyẹn." Ó mí kanlẹ̀. "A ó máa bọ̀ ọ́ dáadáa látòní lọ. Ìwọ sáà pa ẹnu ẹ dé. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ, ta ló tún fẹ́ jẹ ìgbín Huo-Wang?"

Yu-Chin wo agbada tó ń dán lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó rántí ọjọ́ kan ní kékeré rẹ̀, tí ìgbín kan ṣoṣo ń rùn nínú agbọ̀n, tí ọkùnrin yìí da gbogbo rẹ̀ nù sílẹ̀ níṣojú àwọn oníbàárà tó tò síwájú rẹ̀. "Ohun tí mi ò lè fi sẹ́nu ọmọ mi, mi ò ní tà á!" Ó kígbe rẹ̀ títí dé igun ọ̀nà. Orí Yu-Chin wú lọ́jọ́ náà, kò sì tíì rọlẹ̀ títí di òní.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ fi ìgbín àkọ́kọ́ sí mi lẹ́nu lánàá, bí ìṣe yín."

Agbada dúró lọ́wọ́ Huo-Wang.

"Mo máa lọ sílé gbogbo ẹni tó jẹun lọ́dọ̀ wa. Màá ní ọmọ Huo-Wang ni mí, inú agbada wa ni aràn náà ti wá, kí wọ́n jẹ́ ká jọ lọ ṣàyẹ̀wò. Ẹ̀yin lẹ mọ ẹni tó jẹ ẹ́. Tí ẹ bá dárúkọ wọn fún mi, mo dúpẹ́. Tí ẹ ò bá dárúkọ wọn, màá kan gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò. Ṣùgbọ́n mò ń lọ, Bàbá, orúkọ yín ni màá sì fi kan ilẹ̀kùn."